Bí A Ṣe Lè Ra Mọ́tò Àlòkù Ẹlẹ́yìn-Gígùn Tó Dùn Ún Wà, Tí Kò Sì Wọ́n Jù

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní abúlé wa, ènìyàn kan kì í sábà dá mọ́tò rà. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta lè ta ẹ̀pà àti àgbàdo ọdún mẹ́ta, kí wọ́n da owó pọ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí lè dá èsúsú, kí wọ́n lè rí mọ́tò tí yóò máa kó ẹrù wọn lọ sí ọjà. Owó ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n wákàtí kan péré ní Kútọnu tó láti sọ gbogbo rẹ̀ nù, bí ẹni tó lọ rà á kò bá mọ ohun tí yóò wò. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kà á sétí àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà.

MỌ́TÒ WO NI À Ń SỌ?

Mọ́tò tí à ń sọ ni èyí tí òrùlé rẹ̀ lọ tààrà láti iwájú títí dé ìdí. Ilẹ̀kùn kan wà ní ìdí rẹ̀ tí à ń ṣí sókè. Bí ẹ bá ká àga ẹ̀yìn, àyè ẹrù á tóbi sí i. Àwọn Faransé ń pè é ní break. Bí ó bá ní ìlà àga mẹ́ta, wọ́n ń pè é ní familiale. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní sitéṣọ̀n-wágọ̀n. Nínú ọ̀rọ̀ tòní, break ni a ó máa pè é.

Break dára fún ará oko. Ó ń gba ẹrù ju mọ́tò kékeré yòókù lọ. Síbẹ̀ kò ga bí bọ́ọ̀sì. Ohun tí kò ga kì í tètè fì níbi tí ọ̀nà bá ti yí. Ọjọ́ ọjà, ẹ fi kó àpò gàrí. Ọjọ́ ìsinmi, ẹ fi kó ìyàwó àti ọmọ lọ kí àwọn àna yín.

Ẹ̀yin àgbà rántí Peugeot 504. Ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1971, wọ́n gbé break àti familiale rẹ̀ jáde. Wọn kò kàn fi òrùlé gígùn lé mọ́tò ti tẹ́lẹ̀ lórí. Wọ́n sún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn. Láti ẹsẹ̀ iwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2,74 nínú mọ́tò kékeré rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ mítà 2,90 nínú break. Wọ́n fi irin gbọọrọ kan so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Wọ́n sì fi sípíríǹgì mẹ́rin sí ẹ̀yìn láti gbé ẹrù. Ìdí nìyí tí 504 fi gbajúmọ̀ lójú ọ̀nà eléruku wa. Ó rọra ń gun gegele, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì ń ta awakọ̀ sókè bí ẹṣin tí kò gbọ́ràn. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ní Nàìjíríà. Àbúrò 504 ni 505. Ọdún 1979 ni òun náà dé, break rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1982.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ọdún 1983 ni wọ́n dáwọ́ kíkan mọ́tò kékeré àti break 504 dúró ní ilẹ̀ Faransé. Èyí tó kéré jù nínú àwọn break tí wọ́n kàn níbẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún. Orúkọ rere 504 kò lè wo irin tó ti jẹrà sàn. Lónìí, ẹ ó rí break oríṣiríṣi lọ́jà: Toyota, Volkswagen, Opel, Peugeot tuntun díẹ̀. Kì í ṣe orúkọ ni ẹ fẹ́ rà. Mọ́tò kan pàtó tó wà níwájú yín ni ẹ fẹ́ rà. Òun ni kí ẹ yẹ̀ wò.

KÍ NI Ó Ń MÚ KÍ MỌ́TÒ DÙN ÚN WÀ?

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé eré sísá ni adùn mọ́tò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tó dùn ún wà ni èyí tó ń gbọ́ràn sí awakọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá yí ìtọ́kọ̀ sí ọ̀tún, ó yà sí ọ̀tún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ìjánu, ó dúró tààrà. Bí ẹ bá di ẹrù sí i, kò máa fì bí ọ̀mùtí. Bí ẹ bá gun òkè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kérora. Bí ẹ bá sì wà á láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu, ẹ̀yìn kò ní máa ro yín nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo ohun tó ń mú kí mọ́tò dùn ún wà, òun náà ni àmì pé ara mọ́tò yá. Ìtọ́kọ̀ tó ń mì kò dùn ún dì mú, ó sì lè gbé ènìyàn lọ sínú igbó. Sípíríǹgì tó ti kú ń ro ènìyàn lẹ́yìn, ó sì ń jẹ táyà. Ìjánu tó ń fa mọ́tò sápá kan ń ba awakọ̀ lẹ́rù, ó sì lè pa á. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé adùn jẹ́ ti olówó nìkan. Ẹni tó bá ń wá mọ́tò tó dùn ún wà, mọ́tò tó lálàáfíà ni ó ń wá. Ọ̀dà tó ń dán kò sí nínú rẹ̀. Rédíò ńlá kò sí nínú rẹ̀.

IBO NI ÀWỌN MỌ́TÒ YÌÍ TI WÁ?

Ọ̀pọ̀ mọ́tò àlòkù tó wà ní Kútọnu gba orí òkun wá, láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwé kan jáde ní ọdún 2020 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé náà sọ pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 mọ́tò àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà. Áfíríkà ni ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún 2020 kan náà, àwọn aláyẹ̀wò ní ilẹ̀ Netherlands wo àwọn mọ́tò tí wọ́n ń kó lọ sí Áfíríkà láti èbúté wọn. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní ìwé àyẹ̀wò tó ṣì wúlò mọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo wọn kò dára. Èyí tó dára wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ jù nù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú yín àti ọwọ́ yín ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ tún rántí èyí. Ní ilẹ̀ tó tutù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ń jẹ abẹ́ mọ́tò. Òkè á máa dán, abẹ́ á ti jẹrà. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ fi ra mọ́tò. Ọ̀nà kan yòókù jẹ́ ti ìwé, ti táyà àti ti àtúnṣe. Bí owó yín bá jẹ́ 2 000 000 CFA, mọ́tò tí ẹ ó rà kò gbọdọ̀ kọjá 1 500 000. Ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, inú àgbàlá ni mọ́tò rẹ̀ yóò wà tí adìyẹ yóò máa yé ẹyin sí.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí yín: mọ́tò wo ni ẹ mọ̀ ọ́n tún ṣe? Irin-iṣẹ́ mọ́tò wo ni a ń rí rà ní Bohicon tàbí ní Àjàṣẹ́? Break tó dára jù, tí a kò rí irin-iṣẹ́ rẹ̀ rà, ẹrù lásán ni. Ẹ tún bèèrè bí ó ṣe ń mu epo sí. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà dáwọ́ dúró láti máa san lára owó epo. Epo kpayo tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà wọ́n gidigidi lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó jẹ́ pé òun ni ó ń ra epo mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ. Kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó ń ta mọ́tò. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ojúmọ́ ti mọ́ dáadáa. Ẹ má ṣe ra mọ́tò lálẹ́ tàbí nínú òjò, nítorí omi máa ń bo àbùkù ọ̀dà mọ́lẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún olùtà pé kí ó má ṣe tan mọ́tò náà kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti mú un gbóná kí ẹ má baà mọ bí ó ṣe ń ṣe nígbà tó bá tutù.

OHUN TÍ ẸNI TÓ MỌ̀WÉ KÀ LÈ KÀ LÁRA MỌ́TÒ

Ibí yìí ni ìwé tí ẹ kọ́ yóò ti san owó rẹ̀ padà.

Èkíní, ẹ ka nọ́ńbà mọ́tò. Kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lára pátákó ẹ̀yìn. Nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin ni à ń sọ. Ẹ lè rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tàbí lábẹ́ àga. Lára mọ́tò òde òní, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ gbé ìwé mọ́tò tí à ń pè ní carte grise sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ má ra mọ́tò náà. Ẹ mọ èyí pẹ̀lú: nínú nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 17 yìí, wọn kì í lo lẹ́tà I, wọn kì í lo O, wọn kì í lo Q. Ohun tó rí roboto bí O, òdo ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VF, ilẹ̀ Faransé ni. Bí ó bá jẹ́ W, Jámánì ni. Bí ó bá jẹ́ J, Japan ni.

Èkejì, ẹ ka ọjọ́ orí táyà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rọ́bà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí rẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe táyà náà. Bí ẹ bá rí 1419, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2019 ni. Rọ́bà ń gbó bí ènìyàn. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá lè bẹ́ lójú ọ̀nà, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì jìn.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka aago tó ń ka kìlómítà. Bí mọ́tò bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni aago rẹ̀ ń kà. Máìlì 1 jẹ́ kìlómítà 1,6. Bí aago bá sọ pé 100 000 máìlì, kìlómítà 160 000 nìyẹn. Àwọn kan sì máa ń dá aago padà sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ wo rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ẹ wo ìtọ́kọ̀, ẹ wo àga awakọ̀. Bí aago bá sọ pé mọ́tò kò tíì rìn púpọ̀, tí rọ́bà ẹsẹ̀ sì ti jẹ tán, irọ́ ni aago ń pa.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ka ìwọ̀n ẹrù. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ti Yúróòpù wá, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n kọ kg sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tí mọ́tò, ènìyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká ní irin náà sọ pé 1 900 kg. Ká ní carte grise sọ pé mọ́tò lófìfo jẹ́ 1 300 kg. Ó ku 600 kg. Bí ènìyàn márùn-ún bá wọlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70 kg, 350 kg nìyẹn. Ó ku 250 kg. Àpò márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kg ni ẹ lè fi sí i, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Break tí a bá dẹrù pa kì í dùn ún wà mọ́.

OHUN TÍ OJÚ ÀTI IMÚ YÓÒ RÍ

Ẹ fa irin tí a fi ń wọn òróró ẹ́ńjìnnì jáde. Bí òróró bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣí ojú omi rédíétọ̀ nígbà tí ó ṣì tutù. Bí òróró bá léfòó lórí omi, àrùn kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan mọ́tò. Ẹ wo èéfín rẹ̀. Bí èéfín bá dúdú, ó ń jẹ epo jù. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ó ń sun òróró ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ló ń jó níbẹ̀.

Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tí irin ìdí àga sì ti dípẹtà, ó lè jẹ́ pé omíyalé ti bo mọ́tò náà rí.

Bí mọ́tò náà bá jẹ́ tòde òní, ẹ wo àwọn iná kéékèèké iwájú awakọ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kú. Bí iná ẹ́ńjìnnì kò bá tàn rárá nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ kí ẹ má baà rí àrùn rẹ̀.

Ẹ WÀ Á PẸ̀LÚ ẸRÙ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wa mọ́tò lófìfo yí ọgbà olùtà ká, wọ́n á ní ó dára. Ṣùgbọ́n lófìfo kọ́ ni ẹ ó máa wà á. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́rin wọlé, tàbí kí ẹ di àpò mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ lọ sójú ọ̀nà gidi, kí ẹ sì gba ibi tó ní kòtò díẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá dìde tó sì dúró, ó dára. Bí ó bá ń jó sókè sódò, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kú. Ẹ tẹ ìjánu kí ẹ má ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń rọra rì lọ sílẹ̀, omi ìjánu ń jò.

Lójú ọ̀nà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún. Ṣé ó ń lọ tààrà bí ọwọ́ mi bá fúyẹ́ lórí ìtọ́kọ̀? Ṣé ó dúró tààrà bí mo bá tẹ ìjánu? Ṣé jíà ń wọlé láìpariwo? Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ lé iwájú rẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti yí, àbí ó ń fì? Ṣé mo lè jókòó sínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta? Bí ìdáhùn márààrún bá dára, inú yín yóò dùn, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára. Ayọ̀ yẹn kì í tan ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ nígbà tí ẹ ń wà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní balẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Bí olùtà bá ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wà á, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Bí ó bá ní ẹlòmíràn ń mówó bọ̀ nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

OWÓ ÀTI ÌWÉ

Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ béèrè ìwé aṣọ́bodè tó fi hàn pé wọ́n ti san owó orí mọ́tò náà. Ẹ kọ ìwé títà àti rírà. Kí orúkọ olùtà wà níbẹ̀, kí orúkọ olùrà wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 17 yẹn wà níbẹ̀, kí iye owó àti ọjọ́ wà níbẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí a tẹ̀ka síbi tí a kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ti kúrò nínú ìyẹn.

Bí owó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ kọ ìwé mìíràn láàárín ara yín. Ta ni yóò máa wà á? Ta ni yóò máa pa owó rẹ̀ mọ́? Èló ni a ó máa yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àtúnṣe? Mọ́tò tí ara rẹ̀ yá ti ba ọmọ ìyá jẹ́ rí, nítorí pé wọn kò kọ nǹkan sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì. Ẹ bi mẹkáníìkì bóyá bẹ́líìtì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì náà tó ń yí i pọ̀. Bí ó bá wà, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, ó lè ba gbogbo ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, ibí ni a ó ti dúró lónìí. Kí Olúwa jẹ́ kí ẹ ra èyí tó dára, kí ẹ wà á lọ ní ayọ̀, kí ẹ wà á bọ̀ ní àlàáfíà. Ó dìgbà kan ná o.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ AKÀWÉ

1. Wọ́n kọ 3517 sí ìparí DOT lára táyà kan. Ọdún wo ni wọ́n ṣe é?
2. Aago mọ́tò kan tó ti Amẹ́ríkà wá sọ pé 50 000 máìlì. Kìlómítà mélòó ni?
3. Ìwọ̀n tí mọ́tò kan kò gbọdọ̀ kọjá jẹ́ 1 800 kg. Lófìfo, ó jẹ́ 1 250 kg. Ènìyàn mẹ́rin wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70 kg. Àpò mélòó tó jẹ́ 50 kg ni ẹ lè fi kún un?
4. Ẹ lọ bá ẹnì kan tó ní mọ́tò lábúlé yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ ka nọ́ńbà ara irin àti ti carte grise rẹ̀. Ṣé wọ́n bára mu?